Àlọ́ Erin Tó Gbẹ́ Kànga

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Erin àti gbogbo ẹranko tó ń mu omi lẹ́yìn rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ ni mo pa á fún àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì, Àbẹ̀kẹ́ àti Àlàó. Àbẹ̀kẹ́ ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ń kọ́ nípa ìjọba, orí rẹ̀ sì kún fún ọdún àti orúkọ. Ọmọ ọdún méje ni Àlàó, kò sí ohun tó kàn án ju kí a tètè dé ibi orin lọ. Bí ẹ bá rí i pé àlọ́ mi ń kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má bá mi wí. Àbẹ̀kẹ́ ni kí ẹ mú.

Ọ̀gbẹlẹ̀ kan dá nínú igbó nígbà láéláé. Òjò kọ̀, odò gbẹ, ó ku ìyanrìn. Ẹtu ń lá ìrì lára ewé ní ìdájí, Ìgbín wọlé, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ Ìgalà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni Erin sọ̀ kalẹ̀ wọ ojú odò. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́jà sílẹ̀, ó ń fi í gbóòórùn ilẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná bóyá ó ti kan. Nígbà tó dé ibì kan, ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú ha ìyanrìn, ó fi eyín gún un, ó fi ọwọ́jà kó o dànù sápá ọ̀tún. Ìyanrìn òkè gbóná bí ààrò. Nígbà tí ihò náà mu Erin dé orúnkún, ìyanrìn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó tún gbẹ́ ẹ síwájú, omi yọ. Ó kọ́kọ́ rí bí omi amọ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́ gaara. Erin mu, ó yó, ó sún sẹ́yìn. Gbogbo ẹranko rọ́ wọlé, wọ́n mu títí ikùn wọn fi ń dún.

Ibi tí mo bá a dé yìí kì í ṣe irọ́ àlọ́. Bí erin ṣe ń ṣe nìyẹn lóòótọ́: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa gbẹ́ ojú odò tó ti gbẹ títí yóò fi kan omi, àwọn ẹranko tí kò ní eyín bíi tirẹ̀ a sì máa mu níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi í síwájú nítorí ẹni tó bá fẹ́ fi àlọ́ yìí ka ẹ̀sùn sí Erin lọ́rùn látòkè délẹ̀. Omi náà, omi gidi ni.

Erin tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó bá gbà kọjá di ọ̀nà. Ìkookò tó máa ń lúgọ sí oríta láti gba ẹrù Ọ̀kẹ́rẹ́ kò jẹ́ yọjú mọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí Erin yóò kọjá. Àmọ́ Erin kì í wo ilẹ̀ bó bá ń rìn. Bí oko ẹ̀gẹ́ bá wà láàárín òun àti ibi tó ń lọ, oko ẹ̀gẹ́ náà di ọ̀nà pẹ̀lú. Orin tí àwọn ẹranko ń kọ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyí, ẹ bá mi gbè é:

Ta ní ń bọ̀ lọ́nà odò?
Gbìrìgìdì!
Ọ̀gá ni, ẹ yà fún un,
Gbìrìgìdì!
Omi tó wà lákèrègbè,
Gbìrìgìdì!
Òun ló gbẹ́ ẹ, a sì mu ún,
Gbìrìgìdì!
Ẹ̀gẹ́ tó wà lébè ńkọ́?
Gbìrìgìdì!
Òun ló tẹ̀ ẹ́, a ò sọ̀rọ̀,
Gbìrìgìdì!

Àlàó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Bàbá àgbà, ṣé Amẹ́ríkà ni Erin yìí?"

Mo ní èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Oyè ni Erin. Ẹni tó wà níbẹ̀ a máa lọ, wọn a sì fi ẹlòmíràn jẹ. Ẹni tó wà lórí oyè náà láyé baba ńlá mi, orí omi òkun ló ń gbà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun rẹ̀ dá ọkọ̀ àwọn Potogí kan dúró, ó tú àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọkùnrin Òṣoògùn kan wà níbẹ̀ tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Erin kan náà dojú ìbọn kọ Èkó, ó lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, ó ní òwò ẹrú lòun wá dá dúró. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti ní ìlú náà di tòun. Ọwọ́jà tó fa ọmọ jáde nínú kòtò náà ló wọ́ ilé mọ́ra.

"Ẹ padà sídìí àlọ́," Àlàó ní.

Erin pe ẹranko mẹ́rìnlélógójì jọ sórí òkè kan tó tutù. Ó ní òwò yín kò létò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fi èkùrọ́ ṣírò, Ọ̀bọ ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí ẹ bá pàdé lọ́jà, ìjà ni. "Láti òní lọ, ewé tí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni owó. Ẹni tó bá kó ewé márùndínlógójì wá, n óò fún un ní èkùrọ́ wúrà kan nínú àká mi." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àká Erin kún nígbà náà, tọmọdé tàgbà ló mọ̀. Wọ́n ń tẹ́ ewé sábẹ́ ẹní, wọ́n ń fi í fẹ́yàwó, wọ́n ń fi í sìnkú.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ewé yìí. Ẹranko tó bá fẹ́ ewé kan gbọ́dọ̀ kọ ebè, kó gbin iṣu, kó wa iṣu náà, kó rù ú dé ẹnu ọ̀nà Erin. Kí Erin tó rí ewé kan, ẹsẹ̀ ni yóò gbé sókè, tí yóò sì gbé e sílẹ̀. Ó wu Erin láti jẹ iṣu, ó tẹ ewé. Ó wù ú láti lọ jà nínú oko ìrẹsì kan lọ́nà jíjìn, ó tẹ ewé lọ́sàn-án, ó tẹ̀ ẹ́ lóru. Àkùkọ tí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni ka ewé tirẹ̀, ó wo àká láti orí igi tó bà sí, ó tún ewé kà. Ó kó wọn sínú agbọ̀n, ó lọ kan ilẹ̀kùn: "Èkùrọ́ mi dà?" Erin fún un, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Nígbà tí àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá agbọ̀n kiri, Erin jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó ní òun ti ilẹ̀kùn àká. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni.

"15 oṣù Kẹjọ, 1971!" Àbẹ̀kẹ́ ti fò dìde. "Nixon ló sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n! Bretton Woods ni òkè yẹn, ní 1944, dọ́là 35 sí ìwọ̀n wúrà kan. De Gaulle ni Àkùkọ!"

Ìwọ lo dárúkọ, kì í ṣe èmi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgbà díẹ̀ náà kò tíì pé. Àwọn ẹranko kò sì da ewé nù, torí gbèsè tí wọ́n jẹ ara wọn, ewé ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀; epo tí wọ́n ń rà, ewé ni wọ́n fi ń díye lé e. Ẹ lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn, kí ẹ bi ìyá tó ń ta ìrẹsì pé kí ló dé tí kóńgò fi gbówó lórí. Ìyá yìí lè má fojú kan dọ́là rí, yóò sọ fún yín pé dọ́là ló lọ sókè.

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń bá Erin figagbága láyé ìgbà náà, Ẹfọ̀n ni, lápá kejì odò. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn méjèèjì fi ń wo ara wọn bí ẹni máa kàn. Ìgbà náà dùn mọ́ Ìjàpá ọkọ Yánníbo lára. Bó bá jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ Erin tán, yóò ní, "Ẹfọ̀n ránṣẹ́ pè mí o," Erin yóò sì tún bu ẹran sí i. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ẹfọ̀n, Erin náà ti ránṣẹ́ pè é. Ọjọ́ Kérésìmesì ni Ẹfọ̀n wó lulẹ̀, kò sí ẹni tó ta á lọ́fà. Àbẹ̀kẹ́ fi ìka kọ 1991 sínú eruku. Àwọn ẹranko ṣọ̀fọ̀ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n Ìjàpá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ló ń sin.

Ó wá ku Erin nìkan. Ìgbìmọ̀ kan wà tí gbogbo ẹranko ń jókòó sí, ẹranko márùn-ún ló sì ní igi Rárá lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé igi tirẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ tó kù di afẹ́fẹ́. Erin nìkan kọ́ ló ní in, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn; ọmọ tí Ẹfọ̀n fi sílẹ̀ kì í fi tirẹ̀ ṣeré. Lẹ́yìnkùlé Erin gan-an ni Alángbá ń gbé. Láti ọjọ́ tí Alángbá ti kọ̀ láti kí i ni Erin ti sọ pé ẹni tó bá ta iyọ̀ fún un kò gbọdọ̀ tún bá òun náà tajà. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹranko ń pàdé, tí wọ́n ń nawọ́ sókè pé ó tó gẹ́ẹ́. Erin a ka ọwọ́ náà, a yán, a lọ sùn. Àbẹ̀kẹ́ ní Kúbà ni. Ní 1962 ni wọ́n ti fi òfin dè é, láti 1992 sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń dìbò tako òfin náà. Mo ní o ṣeun. Àwọn ọmọ wa wà nílé Alángbá yẹn tí wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun, ìdí nìyẹn tí etí mi fi wà níbẹ̀. Alángbá fúnra rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè, ìyẹn náà ò ṣeé gbé pamọ́.

Ọdún kan wá dé tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, Erin jókòó láàárín àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé àrùn kan ń pa ìyá àti ọmọ ní igbó ìsàlẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣí ilé oògùn. Wọ́n ṣí i. Oògùn náà dé, ẹni tí wọ́n ti ń wá pákó pósí fún dìde, ó gbé ọkọ́ lọ sóko. Oṣù méjì kò pé sígbà tí Erin sọ̀rọ̀ yẹn tó fi lálàá pé Òòrẹ̀ kó májèlé pamọ́ sínú ihò. Àwọn tí wọ́n rán láti wo ihò náà ní kó jẹ́ kí àwọn wò ó tán. Kò gbọ́. Ó lọ jókòó lé e. Nígbà tó dìde, ó tú ilẹ̀ ibẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò rí májèlé. Òòrẹ̀ kì í ṣe ẹni rere, àwọn aládùúgbò tó ti gba ẹ̀gún rẹ̀ sára mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà nínú ihò náà kò tíì hu ẹ̀gún.

Àbẹ̀kẹ́ kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. "2003 ni méjèèjì," ó ní. "Oògùn éèdì àti Ìráàkì. Bush kan náà."

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi ìyá tó tipa oògùn náà bí ọmọ tí kòkòrò éèdì kò sí lára rẹ̀ pé ṣé Erin dáa, ẹ óò gbọ́ ìdáhùn kan. Bí ẹ bá bi ìyá kan ní Bàgídádì, ẹ óò gbọ́ òmíràn. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Èyí tí mo rí sí i ni pé Erin kò bi èyíkéyìí nínú wọn kó tó gbé ẹsẹ̀.

Àgbọ̀nrín tilẹ̀ ti dá a lábàá ṣáájú ìgbà yẹn pé kí ilé ẹjọ́ wà fún ẹni tó bá tẹ ọmọ ọlọ́mọ pa. Erin ní ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ka òfin náà, ó béèrè pé ṣé ó kan erin. Wọ́n ní ó kan gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀. Ó padà sílé, ó ṣe òfin tirẹ̀ pé bí wọ́n bá ti erin kankan mọ́lé níbẹ̀, òun lè ṣe ohun gbogbo tó bá gbà láti gbé e jáde. Hague ni ilé ẹjọ́ náà wà, 2002 ni òfin náà. Èmi ni mo dárúkọ lọ́tẹ̀ yìí, torí Àbẹ̀kẹ́ ti ń tòògbé.

Ìyẹn lọ. Erin tuntun gorí oyè, ó jí lọ́jọ́ kan, ó lọ jókòó sí ẹnu kànga. "Ẹ ti ń rẹ́ mi jẹ," ó ní. "Èmi ni mo ń gbẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ̀ ń mu. Kí lẹ ń fún mi?" Àwọn ẹranko tó ti fi iṣu gba ewé láti ayé bàbá wọn wo abẹ́ ẹní, wọ́n wo Erin, wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó bu owó ibodè lé iṣu, ó bù ú lé ẹ̀wà, ó bù ú lé erékùṣù kan tí ẹnikẹ́ni ò gbé bí kò ṣe ẹyẹ. Àlàó rẹ́rìn-ín. Mo ní má rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ni kì í ṣe àlọ́. Heard àti McDonald ni wọ́n ń pe erékùṣù náà, ẹyẹ pẹngúìnì ló kún ibẹ̀, oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n bu owó ibodè lé e.

Kí ó tó ṣe ìyẹn, ó ti kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ilé oògùn. Ogúnjọ́ oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà ló dá ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, ó ní fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni. Díẹ̀ nínú oògùn náà ṣì ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, USAID tó ń ṣe kòkárí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti kógbá sílé.

"Ìgbà díẹ̀," Àlàó ní. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́.

Àwọn ẹranko sá pàdé lábẹ́ ìrókò. Ìjàpá ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí wọ́n lọ fi Ọ̀nì jẹ Erin kejì, ó lówó, òun ló to irin ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn, ìkòkò ọbẹ̀ yóò sì tún pé méjì. Fìlà tí Ọ̀nì fi ta á lọ́rẹ ń yọ lápò rẹ̀. Ẹtu béèrè pé ṣé Ọ̀nì máa ń fúnni ni àbí ó máa ń yáni. Ìjàpá ní ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ bú sígbe pé àwọn ò fẹ́ Erin kankan mọ́, kí onílé máa ṣọ́ ilé rẹ̀.

Igún ha ọ̀nà ọ̀fun, orí rẹ̀ ń dán. "Mo wà lẹ́yìn ẹ̀yin ọ̀dọ́," ó ní. "Mo ti pẹ́ láyé. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wà lórí oyè Erin, Dáhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un lọ́dọọdún, inú wọn kì í dùn sí i, mo sì ní láti fò jìnnà kí n tó rí nǹkan jẹ. Ọjọ́ tí Ọ̀yọ́ wó ni ayé dẹrùn fún mi. Ìbàdàn, Ìjàyè, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, onílé ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Kírìjì nìkan, mo jókòó tì í láti 1877 títí wọ́n fi tú bùdó ká ní 1893. Mo sanra débi pé mi ò lè fò. Ẹ lé e. Ẹ tètè lé e."

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

"Ẹ má sì rò pé mo kórìíra Erin o," Igún tún ní. "Ọjọ́ tó jókòó lé ihò Òòrẹ̀, èmi náà jẹun."

Lẹ́yìn náà ni Òkété nawọ́ láti ẹ̀yìn, ẹni tí wọn kì í pè sí ìpàdé. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga?"

Kò sí ẹni tó fèsì. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń mu omi, omi ni wọ́n ń wò, kò sí ẹni tó wo ẹsẹ̀ Erin. Wọ́n yíjú sí Ìmàdò tí eyín rẹ̀ gùn ju tẹnikẹ́ni lọ níbẹ̀. Ìmàdò ní òun ti ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà rí. Ilé òun ni gbogbo ará igbó ìsàlẹ̀ ti búra pé nínú ọgọ́rùn-ún ewé, àwọn yóò máa ya mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́tọ̀ fún ìlera.

Ojú Àbẹ̀kẹ́ là. "Àbújá, oṣù Kẹrin, 2001!"

Mo bi í pé Nàìjíríà tó gbàlejò ńkọ́, ṣé ó ti yà á sọ́tọ̀? Ó ní tíṣà àwọn ní kò tíì dé ibẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òkété bi Ìmàdò. Ìmàdò ní oúnjẹ ọjọ́ náà dùn gan-an ni.

Lóru ọjọ́ yẹn, Òkété nìkan lọ sí ojú odò. Kò bá ti Erin ṣe, ó lọ sí ibì kan níwájú díẹ̀. Èékánná ló fi ń wa ìyanrìn, bó bá wà á ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta a wó padà sínú ihò. Mo ní ẹ̀yin ọmọ, orin yí padà o, ègbè rẹ̀ tuntun ni Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo dá a:

Ta ní ń gbẹ́lẹ̀ lóru yìí?
Gbìrìgìdì!
Kò léyín bí eyín Erin,
Gbìrìgìdì!
Èékánná ló fi ń wà á,
Gbìrìgìdì!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá wọn dúró, tí mo tún un sọ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún gbè é bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

"Bàbá àgbà, ṣé omi yọ?" Àlàó béèrè.

Mi ò lè purọ́ fún ọmọ, ìdí nìyẹn tí mi ò ṣe tíì lè sọ pé ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Kò tíì yọ. Ihò náà kò ju ìbàdí Àlàó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹtu yọjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó padà lọ tò sí ẹnu kànga Erin. Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró lẹ́yìn, ó na ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ihò náà. Ìyanrìn ibẹ̀ ti ń tutù.